Bíréèkì Tó Ń Han

Bíréèkì náà han gooro bí ẹni ń fi ìṣó ha àwo. Ọkọ̀ funfun kékeré náà ń fẹ̀yìn rìn bọ̀ lẹ́nu géètì. Bàbá tẹ bíréèkì, ọkọ̀ ò dúró. Ó tún un tẹ̀ kíkankíkan, ṣùgbọ́n ìdí ọkọ̀ ti kan géètì gbọ̀ọ́n kí ó tó dúró.

Láti ojú fèrèsé ilé ìdáná, Àwòdì rí gbogbo rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ bí wọ́n ti ń sọ gbogbo ọmọ, ṣùgbọ́n Àwòdì ni bàbá rẹ̀ ń pè é láti kékeré, nítorí pé kò sí ohun tó lè kọjá kí ojú rẹ̀ má gán-án-ní rẹ̀.

Bàbá bọ́ sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìdí ọkọ̀, ó ń fi àkísà nu ọwọ́.

"Mo sọ fún yín," ni obìnrin náà wí. "Páàdì bíréèkì ti pápá ìsáré ni, kò tíì gbóná ni. Tó bá gbóná tán, ẹ máa rí i bó ṣe máa gbá ọkọ̀ mú."

"Ariwo ẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ fara mọ́ ariwo ẹ̀. Èyí tí kì í pariwo ò lè gba ooru tí ẹ máa ń kó bá a."

Àwòdì dá ọwọ́ tó fi ń nu abọ́ dúró. Bíréèkì wo ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóná kí ó tó dá ọkọ̀ dúró? Ó tẹjú mọ́ ẹ̀yìn obìnrin náà títí ó fi wọ inú ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ilé.

Apòògùn ni bàbá, ẹni tó máa ń ka hóró oògùn lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gbé e fún oníbàárà. Ṣùgbọ́n bí Sátidé bá ti dé, á dé akoto, á wa ọkọ̀ ìjókòó méjì rẹ̀ lọ sí pápá ìsáré ọkọ̀ lẹ́yìn ìlú, á sì máa yípo lórí ọ̀dà bí ẹni tí ajá ń lé. Ìyá Àwòdì ti kú láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ni bàbá fẹ́ mẹkáníìkì tó ń bá a tún bíréèkì ṣe. Àǹtí ni Àwòdì ń pè é. Obìnrin náà kò ṣe é ní ibi kankan. Òun ló tilẹ̀ kọ́ ọ, nígbà ìsinmi, bí a ṣe ń fi jáàkì gbé ọkọ̀, bí a ṣe ń tú táyà, bí a ṣe ń yọ páàdì tó ti jẹ tán. Síbẹ̀, Àwòdì kò tíì mọ ibi tí òun yóò gbé e sí nínú ọkàn òun.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà ní kíláàsì tí wọ́n ń pè ní Rédíò, nítorí pé kò sí ìgbà tí kì í sí lórí afẹ́fẹ́.

"Ṣé o mọ̀ pé ìyàwó bàbá ẹ ti lọ́kọ rí?" ni Rédíò bi í nígbà ìsinmi ọ̀sán.

"Mo mọ̀. Ọkọ ẹ̀ ti kú."

"Kí ló pa á?"

Àwòdì ò mọ̀.

"Mọ́tò ni! Ta ló sì ń tún mọ́tò ṣe nílé wọn? Èmi ò sọ nǹkan kan o. Ṣùgbọ́n páńsá ò fura, páńsá já sínú iná. Àjà ò fura, àjà jìn. Ìwọ tí wọ́n ń pè ní Àwòdì, kí lò ń fi ojú ẹ wò?"

 Láti ọjọ́ náà, gbogbo ohun tí Àǹtí bá ṣe di ohun méjì lójú rẹ̀. Páálí tí páàdì náà bá wá, kí ló dé tí kò sí àwòrán lára rẹ̀, tí kò sí ohun kan ju àwọn nọ́ńbà lọ? Eruku dúdú wo ló ń bo ẹsẹ̀ ọkọ̀ yìí? Bàbá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ra páàdì tuntun kan ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, èyí tó dákẹ́ jẹ́jẹ́. Kí ló dé tí Àǹtí kọ̀ ọ́, tó jù ú sórí pẹpẹ?

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó bá Àǹtí níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́yìn ilé, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni o. Tó bá di Sátidé, ẹ kàn ṣe é bí ẹni pé…"

Ó rí Àwòdì, ọ̀rọ̀ sì gé mọ́ ọn lẹ́nu. "Ṣé o fẹ́ nǹkan ni?"

"Rárá, mà."

Àwòdì padà sí yàrá rẹ̀, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó rò ó pé kí òun sọ fún bàbá. Bàbá á kàn fi í rẹ́rìn-ín ni. Ó rò ó pé kí òun bi Àǹtí fúnra rẹ̀. Ó tún ní ta ni í bi olè bóyá ó jalè? Bẹ́ẹ̀ ni kò bi ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Àǹtí ti parí iṣẹ́ lára ọkọ̀ funfun náà, ó sì lọ gbé ọkọ̀ oníbàárà kan fún un. Bàbá wà nílé oògùn. Àwòdì ti ilé-ìwé dé, kò tilẹ̀ bọ́ aṣọ ilé-ìwé, ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́. Ó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, ó tú táyà, ó yọ páàdì tó ń han, ó sì fi èyí tí bàbá rà rọ́pò rẹ̀. Ó ṣe é lápá ọ̀tún, ó ṣe é lápá òsì, gẹ́gẹ́ bí Àǹtí ti kọ́ ọ. Ó wọnú ọkọ̀, ó ń tẹ bíréèkì léraléra títí ó fi le lẹ́sẹ̀. Ó sì kó páàdì tó yọ sábẹ́ àpò àkísà. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bí ọkàn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀mí là.

Láàárọ̀ Sátidé, Àǹtí ti gbé táyà àti irinṣẹ́ sínú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ó ti ṣíwájú. Bàbá àti ọmọ jọ wọ ọkọ̀ funfun. Ní ẹnu géètì, bàbá tẹ bíréèkì, ọkọ̀ dúró gbagidi láìdún rárá.

"Háà! Àǹtí ẹ mọṣẹ́ o. Ó ti bá mi pa á lẹ́nu mọ́!"

Àwòdì kọjú síta, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nígbà tí wọ́n dé pápá, ariwo ẹ́ńjìnnì ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohun tí bíréèkì ń sọ tàbí tí kò sọ. Àǹtí wo táyà, ó wo òróró bíréèkì, ó fa okùn tí wọ́n fi de bàbá mọ́ ìjókòó. Olùkọ́ àwọn awakọ̀ pápá, ọkùnrin àgbàlagbà kan tó wọ kóòtù òfeefèé, sún mọ́ fèrèsé ọkọ̀.

"Lónìí, ẹ jẹ́ kí n jókòó tì yín. Ẹ ti ń pẹ́ jù kẹ́ ẹ tó dín eré ní kọ́nà ìsàlẹ̀ yẹn."

"Èmi? Ṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ mi ni?" Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó lọ.

Ó yípo lákọ̀ọ́kọ́, ó dára. Ó tún yípo. Lẹ́yìn ìyẹn ni òórùn kan gbalẹ̀, òórùn bí ìgbà tí irin àti rọ́bà bá jọ ń jóná. Àǹtí gbé orí sókè. Èéfín tín-ín-rín ń jáde lẹ́sẹ̀ iwájú ọkọ̀ funfun náà.

"Páàdì mi kì í rùn báyìí!" Ó sáré lọ síbi irin pápá, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ na àsíá sí i! Ẹ dá a dúró!"

Ó ti bọ́. Bàbá ti wà lójú ọ̀nà gbọọrọ tó lọ sí kọ́nà ìsàlẹ̀. Iná pupa ẹ̀yìn ọkọ̀ tàn, ó tàn kedere. Ó ń tẹ bíréèkì, gbogbo ayé rí i pé ó ń tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ ò dín eré. Ó ya sínú iyanrìn, ó fò, ó sì lọ fi imú gún òkìtì táyà tí wọ́n tò sí etí pápá.

Egungun èjìká bàbá ṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún sì kán. Nígbà tí wọ́n ti gbé e sínú ọkọ̀ aláìsàn, Àǹtí kúnlẹ̀ ti ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀, ó tan iná fóònù sí i. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè wo Àwòdì. Àwòdì òkè ò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun.

"Wọ ọkọ̀," ni gbogbo ohun tó sọ, "ká tẹ̀lé wọn."

Ẹ̀gbọ́n bàbá lóbìnrin ti dé ilé ìwòsàn ṣáájú wọn. Kò jẹ́ kí wọ́n jókòó.

"Ìwọ! Ọ̀kan kú, èkejì ku díẹ̀! Ta ló tún bíréèkì ọkọ̀ àbúrò mi ṣe?"

"Èmi ni, mà," ni Àǹtí wí.

"Ẹ gbọ́ o! Ó fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́. Ọlọ́pàá ló máa gbọ́ ìyókù. Kò sì ní wọ ilé yẹn mọ́."

Àwòdì fara ti ògiri. Ohun tó ti ń fẹ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ nìyí: kí obìnrin yìí kẹ́rù rẹ̀, kí ó lọ. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ ju kí ó dákẹ́ lọ. Ó sì dákẹ́.

Olùkọ́ pápá ló wọlé dé, akoto bàbá lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ máa bínú, mà," ló wí fún ẹ̀gbọ́n bàbá, "ṣùgbọ́n ìyàwó yìí ló pè mí lórí fóònù ní Ọjọ́bọ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n jókòó ti ọkọ òun, pé eré ẹ̀ ti ń pọ̀ jù. Ó ní kí n má sọ pé òun ni, kí inú má bàa bí i."

Ìpè yẹn gan-an ni Àwòdì gbọ́ lẹ́yìn ilé. Ó wo ọwọ́ Àǹtí, òróró dúdú ṣì wà ní abẹ́ èékánná.

"Àǹtí kọ́," ó ké jáde. "Èmi ni. Èmi ni mo yọ páàdì tí wọ́n fi sí i. Mo fi èyí tí Dádì rà ní ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀."

"Kí lo wí?" ni ẹ̀gbọ́n bàbá bi í.

"Mo rò pé wọ́n fẹ́ pa Dádì ni." Ẹkún gba ìyókù lẹ́nu rẹ̀.

 Ẹ̀gbọ́n bàbá wá ìjókòó, ó jókòó. Nígbà tí òun àti olùkọ́ pápá wọlé lọ wo aláìsàn, Àwòdì sún mọ́ Àǹtí.

"Ẹ ti mọ̀, mà?"

"Láti ìgbà tí mo ti tan iná sẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Páàdì ìgboro nìyẹn. Kò ní ariwo, ó sì ń mú ọkọ̀ ní tútù. Ṣùgbọ́n bí ooru pápá bá mú un, ṣe ló máa ń yọ̀ bí ọṣẹ."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Tó bá ti ẹnu mi jáde, wọ́n á ní ìyàwó bàbá ń purọ́ mọ́ ọmọ. Mo sì fẹ́ mọ irú ẹni tó o jẹ́." Ó mí kanlẹ̀. "Ọkọ mi àkọ́kọ́, ọkọ̀ èrò ló wọ̀ lọ sí ìrìn àjò. Dẹ́rẹ́bà ló sùn lọ. Mi ò fọwọ́ kan ọkọ̀ yẹn rí. Ká ní o bi mí ni, ǹ bá ti sọ fún ẹ. Mi ò tíì lè sọ pé mo dárí jì ẹ́ o. Ṣùgbọ́n o sọ̀rọ̀ nígbà tó yẹ."

Bàbá pẹ́ nílé ìwòsàn. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ẹnu ọmọ rẹ̀, kò pariwo. "Ìfura loògùn àgbà, òótọ́ ni," ló wí. "Ṣùgbọ́n apòògùn ni mí, ọmọ mi. A kì í po oògùn fún ẹni tí a ò bi léèrè ohun tó ń ṣe é."

Ìyà ọ̀rọ̀ náà ò tán síbẹ̀. Àǹtí fi àgádágodo sí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́, kò sì fi ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà han Àwòdì. Bí ọmọ náà bá kọjá lẹ́bàá ọkọ̀ oníbàárà, ojú Àǹtí á tẹ̀ lé e. Àwòdì wá mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tí wọ́n ń ṣọ́. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ka ìwé ìdánwò àṣekágbá lọ́sàn-án, ilé oògùn ni ó wà, ó ń bá bàbá gun àkàbà lọ mú ọjà lórí pẹpẹ, nítorí pé ẹsẹ̀ bàbá ò tíì gbé e.

Ní ilé-ìwé, Rédíò ti gba orí afẹ́fẹ́ lọ. Ìròyìn rẹ̀ tuntun ni pé Àwòdì fẹ́ pa bàbá rẹ̀ kí ó lè jogún ilé. Bí Àwòdì bá wọ kíláàsì, ọ̀rọ̀ á gé. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Ohun tí wọ́n rò ti tó wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan láti kíláàsì ìsàlẹ̀ wá dúró níwájú rẹ̀, ó di ìwé mọ́ àyà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Wọ́n ń sọ nǹkan kan nípa yín. Mo ní kí n bi yín kí n tó gbà á gbọ́. Ṣé òótọ́ ni?"

Omi lé ròrò sójú Àwòdì. Ó sún fún un lórí bẹ́ńṣì, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ìkankan pamọ́, pàápàá èyí tó dun òun jù lọ: pé ìbéèrè bí èyí ni òun ò bi Àǹtí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa fura, nítorí ayé ò ṣeé fi ojú dídì rìn. Ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Kí ẹ tó fi ọwọ́ kan ohun tó lè gba ẹ̀mí, kí ẹ tó fi ahọ́n ba orúkọ ẹlòmíràn jẹ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Abéèrè kì í ṣìnà.