Ẹni Tó Tú Géèmù Síta

Gbogbo ayé ti ń wo géèmù tí wọn ò tíì tà. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ṣe wọlé láàárọ̀ ni wọ́n bá fídíò rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: títì tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ọmọbìnrin kan tó ń sáré lórí rẹ̀, títí dé ibi tí ìtàn náà parí sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ilé-iṣẹ́ yìí ti sún ọjọ́ títà síwájú. Àwọn olówó tó ń gbé iṣẹ́ náà ró sì ti kìlọ̀ pé àwọn ò ní gba ẹ̀ẹ̀kẹta.

Ìsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní Afimúfínlẹ̀ jókòó síwájú ọ̀gá ibẹ̀, kò fọwọ́ kan omi tí wọ́n gbé fún un. Ẹni tó bá yára fẹ̀sùn kan ẹlòmíràn máa ń kọ ọ́ lóminú, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ yìí sì ti yára jù.

"Àbúrò mi obìnrin ni, ọmọ ìyá mi," ni ọ̀gá wí, ó ń nu ojú tí kò tutù. "Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni fídíò náà ti jáde, pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ ni wọ́n sì lò. Ó dùn mí wọra, àmọ́ ẹ mú un. Àwọn olówó ti fún wa láyè sí i, wọ́n ní olè ló jà wá."

"Ẹ tètè rí wọn bá sọ̀rọ̀ o," ni Afimúfínlẹ̀ dáhùn.

Ó bá àbúrò náà ní yàrá àwọn ayàwòrán, ojú rẹ̀ pọ́n kuku.

"Ta ló tún mọ pásíwọ́ọ̀dù yín?"

"Bọ̀dá mi nìkan, sà. Àwọn ni wọ́n bá mi ṣe é."

Afimúfínlẹ̀ ní kó ṣí títì inú fídíò yẹn lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Títì náà jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi òjò orí rẹ̀ ṣú dùdù bíi sìmẹ́ǹtì tútù.

"Nínú fídíò, iná àwọn ilé ń tàn nínú omi. Tiyín ńkọ́?"

"Tèmi ti gbó, sà, kò lágbára ẹ̀. Káàdì àwòrán tuntun tí wọ́n ń fi sínú kọ̀ǹpútà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo la sì ní."

"Níbo ló wà?"

Ẹ̀rù ìdáhùn náà ti ń bà á. "Ọ́fíìsì Bọ̀dá, sà. Kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ wọn."

Afimúfínlẹ̀ mú un lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Ọ̀gá, géèmù yín ò tíì ṣeé tà, ẹ sì ń wá ẹni tí ẹ ó di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Kọ̀ǹpútà yín lẹ fi ká fídíò yẹn sílẹ̀, ẹ wá gbé e sórí tàbúrò yín kẹ́ ẹ tó tú u síta. Ká ní tiẹ̀ lẹ fi ká a ni, ó ṣeé ṣe kí n gbà yín gbọ́."

Ọ̀gá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá. "Mi ò lè jẹ́ káyé rí i ní rádaràda," ló wí. "Gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ mi ni mo lò lórí ẹ̀."

"Òṣìṣẹ́ pọ̀ níbí, Bọ̀dá," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?"

"Torí ìwọ máa dárí jì mí. Ọmọ ẹlòmíràn á gbé mi lọ sí kóòtù."

Obìnrin náà kẹ̀yìn sí i. Inú rẹ̀ bàjẹ́ ju ìgbà tí wọ́n pè é lólè lọ.

"Ẹ máa mú wọn lọ, sà," ló sọ fún ìsípẹ́kítọ̀. "A máa pàdé ní kóòtù."