Ọmọ Tí Wọ́n Pè Ní Oníbàárà

Ọjọ́ tí Bàdírátù kọ́kọ́ fojú kan Akíndúró, ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà á kí ìfẹ́ tó dé.

Oṣù kejì ọdún 1985 ni. Ó wà ní ṣẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀, Sùlàímọ́nù gbẹ́nàgbẹ́nà, ní ọjà pákó Bódìjà, ó ń fi sáńpépà ha ẹsẹ̀ àga, nígbà tí ẹnìkan súfèé láti ìsọ̀ kẹta. Súfèé náà gùn, ó sì já lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ọjà ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀: àwọn agbowó-orí ti dé.

Iṣẹ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rin tó wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́, wọ́n gbọn èérún igi kúrò lórí. Ọ̀kan jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tuntun bí ẹni tí ń dán an wò. Òmíràn ń fi ìka wọn fífẹ̀ tábìlì. Bàdírátù na ọwọ́ sí ìṣó ara òpó, ó mú báàgì dúdú kan tí kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ àfi ìwé ìròyìn àtijọ́, ó fi kọ́ apá. Kò sí òṣìṣẹ́ mọ́. Oníbàárà ni gbogbo wọn.

Òfin tuntun kan ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀. Ìjọba ológun ti pàṣẹ pé kí oníṣẹ́ ọwọ́ máa san owó lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bá lẹ́nu iṣẹ́ ní ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kódà bí ẹni náà ti san owó orí tirẹ̀. Láàárọ̀, rédíò á máa rọ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ pé kí wọ́n gba ọ̀dọ́ síṣẹ́ kí ọrọ̀ ajé lè gbòòrò. Kó tó di ọ̀sán, ìjọba kan náà á ti dé láti fìyà jẹ ẹni tó gbọ́ràn. Ọgbọ́n wo nìyẹn? Ẹni tí ń fún ènìyàn mẹ́rin lóúnjẹ là ń lépa bí olè. Ẹni tó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, a fi í sílẹ̀ kó máa sùn.

Ọmọkùnrin gíga kan wọlé, fọ́ọ̀mù lábẹ́ apá rẹ̀. Ọlọ́pàá méjì dúró dè é lẹ́bàá títì.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Òṣìṣẹ́ mélòó lẹ ní?"

"Èmi nìkan ni," Sùlàímọ́nù wí. "Èmi àti Ọlọ́run."

"Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?"

"Oníbàárà ni wọ́n."

"Èyí ńkọ́?" Ó nawọ́ sí Bàdírátù.

"Oníbàárà ni. N kò mọ̀ ọ́n rí."

Bàdírátù rántí pé oníbàárà kì í dákẹ́. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n san ogójì náírà lórí bẹ́ẹ̀dì yìí. Ṣé ọba ló fẹ́ sùn lórí rẹ̀ ni?"

"Ogójì? O fẹ́ kí n fi pákó tọrẹ?"

Ọmọkùnrin náà kò wo bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ Bàdírátù ló ń wò: èérún igi ti sọ ọ́ di funfun láti orí ìka dé ọrùn ọwọ́. Bàdírátù rí i pé ó ti rí i.

"Bàbá," ọmọkùnrin náà wí pẹ̀lẹ́, "ẹ fún un ní márùn-dín-láàádọ́ta. Oníbàárà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ha igi kó tó rà á, ẹ̀dínwó tọ́ sí i."

Ó kọ òṣìṣẹ́ ẹyọ kan sórí fọ́ọ̀mù, ó sì jáde.

Ní ọjọ́ kẹta, ó padà wá láìsí fọ́ọ̀mù, láìsí ọlọ́pàá.

"Ṣé oníbàárà mi wà?"

Bàdírátù fẹ́rẹ̀ẹ́ sá. "Ẹ wá mú mi ni?"

"Ta ní í fín lọ́fíńdà kó tó lọ mú ènìyàn? Àpótí ìjókòó ni mo wá rà."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Bàdírátù kó tó lè dá a dúró. Láàárín oṣù kan, àpótí mẹ́ta ni Akíndúró rà, fún yàrá kan ṣoṣo tó ní ní Mọ́kọ́lá. Adéṣọlá, èyí tó lẹ́nu jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà, kò lè pa á mọ́ra: "Ẹ̀gbọ́n, ìdí mélòó lẹ ní tẹ́ ẹ fẹ́ fi jókòó?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn papọ̀ nírọ̀lẹ́, láti Bódìjà dé ẹnu ọ̀nà Yunifásítì. Ọmọ Ilé-Olújì ni Akíndúró. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọrọ̀ ajé, ó ti ṣe agùnbánirọ̀ ní Sókótó, ó sì fi ọdún kan àti ààbọ̀ wá iṣẹ́ lásìkò tí wọ́n ń dá àwọn tó ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ dúró. Iṣẹ́ oṣù mẹ́fà péré ni èyí tó rí.

"Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ bí iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i nílùú," ó wí. "Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n wá fún mi ni kí n máa lé òṣìṣẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ wọn."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ kọ ẹyọ kan?"

"Mo rí ọwọ́ rẹ."

"Ọwọ́ mi nìkan?"

"Mo tún rí ojú rẹ. Ẹ̀rù ń bà ọ́, síbẹ̀ ò ń ná ọjà. Mo ní lọ́kàn mi pé irú ẹni báyìí, bó bá fẹ́ràn ènìyàn, kò ní sá fún un." Ó dúró. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Bàdírátù."

"Èmi náà nífẹ̀ẹ́ yín," ni Bàdírátù dáhùn, ó sì wo ẹ̀yìn bóyá ẹnìkan gbọ́.

Ìgbà náà ni Akíndúró sọ èyí tó gba oorun lójú rẹ̀. Ọ̀gá òun, Ògúnsànyà, ti ń tún fọ́ọ̀mù gbogbo yẹ̀ wò. Ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ yóò yí ọjà pákó ká. Ẹni tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ bá purọ́, iwájú àwọn ológun ni yóò ti jẹ́jọ́.

Láti ọjọ́ náà, bí mótò kan bá ti rọra dúró létí títì, ọwọ́ Bàdírátù á ti wá báàgì dúdú kó tó mọ̀.

Ó sọ ọ̀rọ̀ Akíndúró fún ìyá rẹ̀, Zùwáírátù, nítorí kò lè dá ẹrù náà gbé. Ìyá mí kanlẹ̀. "Ìjọ tó ń lọ kò dùn mí tó iṣẹ́ tó ń ṣe. Lọ bá bàbá rẹ. Kì í ṣe ẹnu tèmi ni yóò ti gbọ́ ọ."

Sùlàímọ́nù gbọ́ ọ, ó sì gbé ìfági sílẹ̀.

"Ojú mi ni wọ́n ṣe gbé Àyàndìran tó ń rán ìrọ̀rí àga sínú mótò akẹ́rù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò ní àtìmọ́lé. Nígbà tó dé, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́. Ènìyàn márùn-ún ń jẹun ní ìsọ̀ rẹ̀. Níbo ni wọ́n wà lónìí? Ṣé irú wọn ni n ó fọmọ fún?"

"Bàbá, òun ló kọ ẹyọ kan."

"Ajá tó kọ̀ láti bu ènìyàn jẹ lónìí, ajá ni síbẹ̀."

Bàdírátù sunkún, ṣùgbọ́n kò bínú sí i. Ó mọ̀ pé ìbẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀, ìbẹ̀rù kan náà tó ń gbé inú tirẹ̀.

Lọ́jọ́rú kan nínú oṣù karùn-ún, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, kò sẹ́ni tó súfèé. Wọ́n gba ẹ̀yìn wọlé, láti apá ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Ọlọ́pàá mẹ́rin ni, pẹ̀lú ọkùnrin kúkúrú kan tó fi áńkáṣíìfù funfun bo imú nítorí èérún igi. Ògúnsànyà nìyẹn. Akíndúró ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń fà.

Agbára káká ni Bàdírátù fi rí báàgì náà mú.

"Òṣìṣẹ́ mélòó?" Ògúnsànyà bèèrè.

"Èmi nìkan ni, ọ̀gá."

Ògúnsànyà rẹ́rìn-ín. "Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ kú ọjà o. Ẹ mú rìsíìtì owó orí yín jáde."

Kò sẹ́ni tó na ọwọ́ sí àpò.

Gbogbo wọn ló ti sanwó. Rìsíìtì wọn pé. Ṣùgbọ́n Sùlàímọ́nù, ọ̀gá tó mọ ìtọ́jú, ló máa ń gbà á lọ́wọ́ wọn, tí ń kó o sínú agolo mílíìkì kan lórí àjà ṣẹ́ẹ̀dì, kí òjò má baà pa á. Oníbàárà wo ní í fi rìsíìtì rẹ̀ pamọ́ sórí àjà ẹni tó wá rajà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹni tó bá na ọwọ́ sí agolo náà ti jẹ́wọ́.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọbìnrin yẹn," Ògúnsànyà wí. "Ẹ gbé e sínú mótò."

Ọlọ́pàá kan di Bàdírátù lápá. Báàgì bọ́ lulẹ̀, ìwé ìròyìn inú rẹ̀ tú jáde.

"Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Ojú Sùlàímọ́nù lọ sórí àjà, ó lọ sára àwọn ọkùnrin mẹ́rin tó ní ìyàwó àtọmọ nílé, ó padà sára ọmọ rẹ̀.

"N kò mọ̀ ọ́n," ó wí.

Bàdírátù ti gbọ́ gbólóhùn yìí rí, ó sì ti bá wọn fi rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yìí, ó wọ̀ ọ́ lára bí àyùn. Wọ́n ti fà á dé ẹnu ọ̀nà.

"Mo mọ̀ ọ́n."

Akíndúró ni. Ó bọ́ síwájú ọ̀gá rẹ̀. "Bàdírátù ọmọ Sùlàímọ́nù ni. Òun ni mo fẹ́ fi ṣaya. Òṣìṣẹ́ ni níhìn-ín, òun àtàwọn mẹ́rin yìí. Èmi ni mo kọ ẹyọ kan. Bàbá kò fún mi ní kọ́bọ̀."

"O mọ ohun tó o sọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n, ọ̀gá."

"Ẹ fi obìnrin yẹn sílẹ̀," Ògúnsànyà wí. "Èyí ni kẹ́ ẹ gbé."

Bí wọ́n ti ń fà á lọ, Sùlàímọ́nù gun orí àpótí ìjókòó kan, ó gbé agolo rìsíìtì náà sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà. Omijé ń dà lójú rẹ̀ níwájú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. "Ọmọ mi ni! Òṣìṣẹ́ mi ni gbogbo wọn! Ẹ wá wò ó!"

Ọjọ́ mẹ́fà ni Akíndúró lò ní àtìmọ́lé. Láràárọ̀ ni Bàdírátù ń gbé oúnjẹ lọ, láràárọ̀ ni ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà sì ń sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbé e lọ síwájú àwọn ológun. Ó ń wo ẹnu ọlọ́pàá náà bí aláìsàn ṣe ń wo ẹnu dókítà.

Sùlàímọ́nù sanwó lórí ènìyàn márùn-ún. Kó tó lè san án, ó ní láti dá méjì dúró nínú àwọn mẹ́rin náà. Adéṣọlá wà lára wọn. Ó fi àpò wé àyùn rẹ̀, ó wá àwàdà kan tó lè ṣe, kò rí i, ó sì lọ. Báyìí ni ọrọ̀ ajé ṣe gbòòrò ní ọjà pákó Bódìjà.

Ní ọjọ́ keje, wọ́n ní kí Akíndúró kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tán. Nígbà tó jáde, Bàdírátù rí i pé irùngbọ̀n ti bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Sùlàímọ́nù ló kọ́kọ́ sún mọ́ ọn. Ó ṣí fìlà.

"Ọmọ tí mo ní n kò mọ̀, ìwọ lo bá mi mọ̀ ọ́n. N kò ní ìbéèrè kankan mọ́."

"Bàbá, n kò níṣẹ́ mọ́."

"Ṣé o mọ ìfági dì mú?"

"Rárá, sà."

"A ó kọ́ ọ."

Nínú oṣù kejìlá, àwọn ará Ilé-Olújì wá tọrọ ọmọ ní ilé Sùlàímọ́nù ní Agbowó. Àga tí Akíndúró fúnra rẹ̀ kàn ni wọ́n jókòó lé, ẹsẹ̀ ọ̀kan sì kúrú díẹ̀. Adéṣọlá, tó wá bá wọn yọ̀, ni èyí bọ́ sí lọ́wọ́. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ jókòó lé e kó kọ́kọ́ ka kálímọ̀ bí ẹni tó fẹ́ kú.

Àgbàlagbà tó ṣáájú wọn wá bèèrè gẹ́gẹ́ bí àṣà: "Ọmọbìnrin tí a rí yìí, ta ló ni ín?"

Sùlàímọ́nù dìde. Kó tó la ẹnu, mótò ńlá kan dúró ní ìta.

Ẹ̀rín dá. Adéṣọlá ti fò dìde, ó ń fọwọ́ pa ẹ̀yìn àga bí ẹni tó fẹ́ ná an. Ọwọ́ Bàdírátù ti wà lára báàgì tuntun rẹ̀, ó ti gbé e kọ́ apá.

Akíndúró di ọwọ́ náà mú. Èérún igi wà nínú èékánná tirẹ̀ náà. "Oníbàárà mi," ó wí jẹ́jẹ́, "gbé e sílẹ̀."

Bàdírátù gbé e sílẹ̀.

"Èmi ni mo ni ín," Sùlàímọ́nù wí, sókè tó bẹ́ẹ̀ tí ìta fi gbọ́. "Bàdírátù ni orúkọ rẹ̀. Èmi ni mo bí i. Lọ́dọ̀ mi ló ti ń ṣiṣẹ́."

Níta, mótò náà ṣì ń kùn. Kò sẹ́ni tó sá.