Láńdírófà Gíga

"Èyí tó ga yẹn ni kí ẹ bá mi fi sí ọkọ̀ wa," ni Òkìkíọlá wí, ó sì na ìka sí sípíríǹgì tó wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Mutallib, nítòsí Fájuyì ní Adó.

Mutallib mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín. Oríṣi méjì ló kó síwájú ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún náà. Ọ̀kan rọ̀, irin pẹlẹbẹ díẹ̀ ni wọ́n tò léra. Èkejì nípọn, ó le, ó sì máa ń gbé ọkọ̀ ga, irú èyí tí àwọn tó ń kó iṣu àti ìrẹsì láti oko máa ń fi sí mọ́tò wọn.

"Ẹrù lẹ fẹ́ fi kó, àbí èèyàn?"

Òkìkíọlá mọ ìdáhùn náà dáadáa. Nítorí màmá àgbà ni bàbá rẹ̀, Tíṣà Adébíyìí, ṣe ń tún Láńdírófà àtijọ́ yìí ṣe. Modúpẹ́, àbúrò màmá àgbà, ń ṣàìsàn ní abúlé oko kan lẹ́yìn Igbemo, níbi tí takisí kì í dé nítorí ẹrẹ̀. Ó pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti fojú kan ara wọn. Bí màmá àgbà bá ń jẹun, á ní, "Modúpẹ́ fẹ́ràn ẹja yìí o," á sì rọra ti àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti di aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà.

Tíṣà ní kí Òkìkíọlá lọ yan táyà àti sípíríǹgì fúnra rẹ̀, torí ọmọ náà fẹ́ràn mọ́tò ju ìwé lọ. Ṣùgbọ́n Fúnkẹ́mi, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ti sọ lójú gbogbo èèyàn pé ọkọ̀ bàbá Òkìkíọlá kúrú bí ewúrẹ́ tó lóyún. Ọ̀rọ̀ yẹn ń ta á lára.

"Ẹrù ni," ló dáhùn.

Mutallib fi sípíríǹgì líle náà sí i, pẹ̀lú táyà ràgàjì ràgàjì. Nígbà tí wọ́n gba iwájú ilé ìwé kọjá, Fúnkẹ́mi la ẹnu, kò lè pa á dé. Inú Òkìkíọlá dùn dé góńgó.

Ní Sátidé tí wọ́n fẹ́ lọ wo Modúpẹ́, màmá àgbà kò lè gbé ẹsẹ̀ dé inú ọkọ̀. Tíṣà àti aládùúgbò kan ló gbé e wọ inú rẹ̀. Kò sí àpò ìrẹsì kankan tó máa tẹ sípíríǹgì náà wálẹ̀, nítorí náà gbogbo kòtò tí wọ́n bọ́ sí ló ń gbé ìyá arúgbó sókè tó tún ń jù ú sílẹ̀.

"Adébíyìí, ìbàdí mi o! Ẹ gbé mi padà sí ulé."

"Ẹ ní sùúrù, Màmá. A máa tó dé."

"N kò lè lọ mọ́." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Modúpẹ́, jọ̀ọ́, má bínú sí mi."

Wọ́n yí ọkọ̀ padà sílé. Ọjọ́ yẹn ni Òkìkíọlá jẹ́wọ́ fún bàbá rẹ̀ pé torí ọ̀rọ̀ Fúnkẹ́mi lòun ṣe yan èyí tó le. Tíṣà kò pariwo. Ó dá ọkọ̀ padà sí ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti ra sípíríǹgì rírọ̀ yẹn. Wọ́n ní láti dúró títí òmíràn fi dé láti Ìbàdàn kí wọ́n tó tún gbéra.

Nígbà tí wọ́n wá dé abúlé oko náà, Modúpẹ́ la ojú sílẹ̀ lórí ibùsùn. Màmá àgbà jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Modúpẹ́, èmi ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni."

"Ta ni?" ni aláìsàn náà bi í. Kò mọ ẹnikẹ́ni mọ́.

Olúyẹ́misí, ọmọ Modúpẹ́, nu ojú. "Sátidé tí ẹ ní ẹ ń bọ̀ yẹn, ara wọn yá díẹ̀. Ìta ni wọ́n jókòó sí látàárọ̀. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn ń bọ̀."

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, màmá àgbà fọwọ́ kan èjìká Òkìkíọlá. "Ọkọ̀ yìí mà tù mí lára, ọmọ mi. O ṣeun."

Ìdúpẹ́ yẹn dun Òkìkíọlá ju ẹgba lọ. Ó dojú bolẹ̀, ó sunkún títí wọ́n fi dé Adó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá ní kí ẹ yan nǹkan fún ẹlòmíràn, ẹ má fi ojú ọ̀rẹ́ yín yàn án, ẹni tó máa lò ó ni kí ẹ rò. Wọ́n rí sípíríǹgì pààrọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè dá Sátidé tí Modúpẹ́ fi wo ọ̀nà padà.