Iná Pupa Lábẹ́ Aṣọ Ìnuwọ́

Òtútù àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn kò ṣeé fẹnu sọ, ṣùgbọ́n nínú ilé ìdáná Marlys Haugen, gbogbo nǹkan ló gbóná, tó sì ń ta sánsán. Ó ti yan kéèkì pẹlẹbẹ olómi ọsàn tí yóò gbé lọ sí ìsìnkú ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Ọkọ rẹ̀, Verlyn, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń fa bàtà òtútù wọ ẹsẹ̀. Láti ìgbà tí adágún ti dì débi pé ọkọ̀ lè gba orí rẹ̀ kọjá, ahéré ìpẹja rẹ̀ tó wà lórí yìnyín ti di ilé rẹ̀ kejì.

"Ṣé wàá padà wá jẹun ọ̀sán?"

"Bí ẹja bá gbé ìwọ̀ mì, ẹja ni màá jẹ. Bí kò bá gbé e mì, ohun tó o bá gbé síwájú mi ni màá jẹ, n ò sì ní ráhùn."

"Òótọ́ ni, o kì í ráhùn. Kíkùn lo máa ń kùn."

Verlyn rẹ́rìn-ín. Ó gbé garawa rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tún sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́. Nígbà tó dé inú ọkọ̀, ó tún yí gíláàsì sílẹ̀ láti sọ pé ó dàbọ̀. Bí wọ́n ṣe ń dágbére nìyẹn lágbègbè wọn ní àríwá Minnesota: wọ́n á dágbére lórí àga, wọ́n á dágbére lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á tún dágbére lójú fèrèsé ọkọ̀. Ẹni tó bá gbé fóònù sílẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn ṣì ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tó tutọ́ síni lójú ni wọ́n ń wò ó. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn gbà wọlé.

Nígbà tí ọkọ̀ Verlyn pa rẹ́ mọ́ ẹ̀yìn igi, Marlys jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó fẹ́ wo iye ẹni tí ṣọ́ọ̀ṣì ń retí níbi ìsìnkú náà. Ó kọ orúkọ ojú òpó ṣọ́ọ̀ṣì. Kọ̀ǹpútà dáhùn pé òun kò rí ibẹ̀. Ó kọ orúkọ ti ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú ọkọ rẹ̀. Kò rí ìyẹn náà. Bẹ́ẹ̀, àmì íńtánẹ́ẹ̀tì wà lójú kọ̀ǹpútà, ó ń sọ pé ohun gbogbo so pọ̀ dáadáa. Láti alẹ́ Sátidé ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Marlys ti pa àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ti tàn án, ó ti nu eruku ara rẹ̀, ó sì ti gbé e sí ojú fèrèsé bí òdòdó tó ń wá oòrùn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Britta, ló ń tún kọ̀ǹpútà ilé ìwé àdúgbò wọn ṣe, ilé rẹ̀ kò sì jìnnà. Ṣùgbọ́n Marlys kò fẹ́ yọ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu. "Ó níṣẹ́ tirẹ̀," ló sọ fún ara rẹ̀. "Yóò tún ara rẹ̀ ṣe." Kò sẹ́ni tó lè sọ iye ìṣòro tí àwọn èèyàn ibẹ̀ ti fi gbólóhùn yìí sin sínú ilé.

Ohun kan tiẹ̀ wà tó ń dùn mọ́ ọn nínú. Fóònù ilé kò dún rárá láti ọjọ́ náà. Kò sí ẹni tó ń tọrọ owó, kò sí atajà tó ń fẹnu lásán tajà. Ó pe ìdákẹ́jẹ́ yẹn ní ìsinmi.

Nǹkan bí ọ̀sán ni Britta kan ilẹ̀kùn, yìnyín kún èjìká rẹ̀.

"Àǹtí, kí ló dé? Mo pè yín títí lórí ọ̀rọ̀ ìkòkò kọfí ìsìnkú, ẹ ò gbé e."

"Fóònù ò dún o, ọmọ mi. Bọ́ bàtà rẹ, wá jẹ kéèkì."

Britta kò bọ́ bàtà. Ó lọ gbé fóònù sétí. Kò gbọ́ nǹkan kan.

"Àǹtí, inú íńtánẹ́ẹ̀tì ni fóònù yín ń gbà, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ó dára ju ti olókùn àtijọ́ lọ. Kọ̀ǹpútà náà ń ṣe ségesège. N ò kàn fẹ́ dà ọ́ láàmú ni."

"Ẹ ò fẹ́ dà mí láàmú." Britta mí kanlẹ̀, ó fa àga. "Ẹ jẹ́ n wò ó."

Ó kọ́kọ́ wo okùn. Okùn dúró dáadáa. Ó wo iná ara àpótí, ó ń tàn. Ó mú fóònù ọwọ́ rẹ̀, ó so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ilé náà, òun náà kò rí ojú òpó kankan.

"Ṣé ẹ rí i? Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà yín nìkan ló ń ṣe é, kọ̀ǹpútà la máa tún ṣe. Ṣùgbọ́n fóònù mi náà ń ṣe é, a jẹ́ pé àpótí yìí tàbí ilé iṣẹ́ tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wá ló lẹ́jọ́."

Ó ṣí ojú dúdú kékeré kan lórí kọ̀ǹpútà, ó tẹ nọ́ńbà kan síbẹ̀. Ìdáhùn wọlé kíákíá. Ó tẹ orúkọ dípò nọ́ńbà. Kò sí ìdáhùn.

"Háà! Ọ̀nà ṣí sílẹ̀, Àǹtí. Afinimọ̀nà ni kò sí nílé."

"Afinimọ̀nà wo?"

"Kọ̀ǹpútà ò mọ orúkọ, nọ́ńbà ló mọ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ orúkọ ilé ìwòsàn, ó máa kọ́kọ́ bi ẹ̀rọ kan tó mọ nọ́ńbà gbogbo ilé, 'Ẹ jọ̀ọ́, ibo nibẹ̀ wà?' Ìyẹn á sọ nọ́ńbà fún un, kó tó gbéra. Tẹ́ni tó ń fini mọ̀nà bá yadi, ẹ ò lè débì kankan, bí títì tilẹ̀ dán."

Ó wọ inú ètò àpótí náà. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ta ló fi afinimọ̀nà yìí síbí? Kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ yín. N ò mọ ibi tó ti wá."

Marlys gbé ife kọfí sílẹ̀. Ó rántí oṣù kẹwàá. Ọkùnrin kan ló pè, ohùn rẹ̀ tutù, ó ní òun ń pè láti ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, pé ti ilé wọn ń falẹ̀. Ara Marlys kọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni èèyàn ṣe ń gbé fóònù sílẹ̀ mọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́? Ó ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ yóò ti dánu dúró kó lè dágbére, ọkùnrin náà kò sì jẹ́ kó dánu dúró. Ó ní kó yí àpótí dojú dé, kó ka orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé tó wà nídìí rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ síbẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Marlys kò yí i padà rí. Lẹ́yìn náà ọkùnrin náà ní kó pa nọ́ńbà kan rẹ́, kó fi òmíràn sí i.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀," Marlys sọ. "Mo tún bi í léèrè bí ojú ọjọ́ ṣe rí lọ́dọ̀ wọn."

"Ẹ bi olè nípa ojú ọjọ́." Britta fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò wá. "Láti oṣù kẹwàá, olè lẹ ń bi lọ́nà. Ó lè mú yín lọ sí ilé ìfowópamọ́ ayédèrú tó jọ tòótọ́, kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé fún un. Ó jọ pé wọ́n ti mú un, tàbí ó ti sá, ó sì pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí nǹkan fi dákẹ́. Àǹtí, yàtọ̀ sí fóònù àti kọ̀ǹpútà, kí ló tún ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì nínú ilé yìí?"

Marlys ti dìde, ó ń lọ sí yàrá.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Verlyn ni ẹ̀rọ funfun kan wà. Àwọn dókítà ti fi nǹkan kékeré kan tó ń ṣọ́ ọkàn sábẹ́ awọ àyà rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rọ yìí ló sì ń kó ìròyìn ọkàn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn bó bá ti sùn. Bí gbogbo nǹkan bá ń lọ dáadáa, iná aláwọ̀ ewéko ló ń tàn lára rẹ̀. Lálẹ́ Sátidé, Verlyn kùn pé iná rẹ̀ ti pupa, pé ó ń wo òun lójú bí olùkọ́ ìṣirò. Ó mú aṣọ ìnuwọ́ láti ilé ìdáná, ó fi bò ó, ó sì sùn. Marlys rí i, ó tún tẹ́ aṣọ náà dáadáa kó má baà já bọ́.

Ó ṣí aṣọ náà. Iná pupa ṣì ń tàn lábẹ́ rẹ̀.

"Britta!"

Britta sáré dé, ó rí iná náà. Ó sáré padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó pa nọ́ńbà olè rẹ́, ó dá àpótí náà padà sí afinimọ̀nà ilé iṣẹ́ wọn, ó fi ọ̀rọ̀ ìwọlé tuntun sí i, ó pa á, ó tàn án. Marlys dúró lójú ẹ̀rọ funfun náà, ọwọ́ rẹ̀ lórí ẹnu. Iná náà ṣẹ́jú, ó ṣẹ́jú, ó di aláwọ̀ ewéko. Kò pẹ́ ni fóònù ilé bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

"Ìyáàfin Haugen? Ọpẹ́ o! Láti alẹ́ Sátidé la ti ń pè yín. Nọ́ńbà kan ṣoṣo lẹ fún wa, a sì ti kọ̀wé sí yín lójú òpó ilé ìwòsàn títí. Ìròyìn tó wọlé kẹ́yìn fi hàn pé ọkàn bàbá ń lù ségesège. Irú lílù yẹn máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ọkàn. Ọjọ́ Àìkú ló yẹ kí wọ́n ti wá gba oògùn. Níbo ni wọ́n wà?"

"Wọ́n wà lórí adágún," ni Marlys wí. "Àwọn nìkan."

Britta ló wa ọkọ̀, ó ń pe ọkọ̀ pàjáwìrì bó ṣe ń wà á. Èéfín ń jáde láti orí ahéré, ọkàn Marlys sì fò sókè fún ayọ̀ ìṣẹ́jú kan. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, Verlyn jókòó síbi tó máa ń jókòó. Ẹja kan ti gbé ìwọ̀ mì, ó ń fa okùn nínú ihò yìnyín, Verlyn kò sì wò ó. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí apá kan. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó fẹ́ pe orúkọ rẹ̀, ohùn tó jáde kò jọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Verlyn kò kú. Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti rọ, ọ̀rọ̀ sì ti kúrò lẹ́nu ọkùnrin tó ń dágbére nígbà mẹ́ta kó tó kúrò nílé. Nígbà tí Marlys bi dókítà bóyá oògùn ọjọ́ Àìkú ì bá ti gbà á, dókítà náà wo ilẹ̀. "N ò lè búra, Ìyáàfin. Ṣùgbọ́n nítorí irú èyí gan-an la ṣe ń fún àwọn èèyàn ní oògùn náà." Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, ti Marlys sì ni Verlyn tó wà lórí àga ní ilé ìdáná rẹ̀, tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ òsì mú ṣíbí.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí yìnyín ti yọ́ lójú adágún, fóònù dún bí wọ́n ti ń jẹun.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ara yín le? Ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì yín la ti ń pè. A rí i pé tiyín ń falẹ̀ díẹ̀, a sì fẹ́..."

Marlys gbé fóònù sílẹ̀. Kò dágbére. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé rẹ̀, ó sì wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó gbá ọmọ létí. Verlyn fi ọwọ́ òsì lu tábìlì gbàgà, ó ń fi ìlàjì ẹnu rẹ́rìn-ín. Marlys náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹkún ló sun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwọlé tí wọ́n kọ sídìí àpótí yín láti ilé iṣẹ́, ẹ yí i padà kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí. Ilé iṣẹ́ gidi kì í ṣàdédé pe èèyàn pé kó pa nọ́ńbà rẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá sì rú yín lójú, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, kí ẹ fúnra yín pe nọ́ńbà tó wà lára ìwé owó íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń san lóṣooṣù. Bí orúkọ ojú òpó kò bá ṣí, tí àmì sì ń sọ pé gbogbo nǹkan dára, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wò ó lọ́jọ́ náà. Ẹ fún ilé ìwòsàn ní nọ́ńbà ẹlòmíràn tí kì í gbé inú ilé yín. Ọmọ tí ẹ kò fẹ́ yọ lẹ́nu lónìí, òun náà lẹ máa pè lọ́la pẹ̀lú omijé, ẹ yáa yọ ọ́ lẹ́nu báyìí.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bí iná pupa bá ń wo ìwọ náà lójú nínú yàrá rẹ, má wá aṣọ tí wàá fi bò ó.