Ènì Tí Chàm Ṣèlérí

Ọgbọ̀n ọjọ́ rèé tí òjò ò ti rọ̀, àmọ́ apá ẹ̀wù ọkùnrin tó dúró níwájú àtẹ Chàm ń kán omi tó, tó, tó.

Chàm ò rí ìyẹn. Eyín ọkùnrin náà ló ń wò. Ó funfun báláú. Létí odò tiwọn yìí, ọmọ tó bá ti ń bàlágà, wọ́n á ti kun eyín ẹ̀ dúdú. Láyé àtijọ́, tó o bá rí eyín funfun lẹ́nu àgbàlagbà, o ti mọ̀ pé iwin ni, kó o tètè sá. Àmọ́ látìgbà tí àwọn Hán ti wá láti Ṣáínà jókòó lé wọn lórí, eyín funfun ti di eyín ìjọba. Ta ló tún ń sá?

"Ẹ tún ti dé," Chàm mí kanlẹ̀. "Ìyẹ́ ẹyẹ lẹ gbà lọ́jọ́ ọjà tó kọjá. Eyín erin lẹ gbà ṣáájú ẹ̀. Kí ló kù, ọ̀gá? Ṣé irun imú mi ni?"

"Ẹnì kan," ni ọkùnrin náà wí. Ohùn ẹ̀ ń dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ látinú ìkòkò. "Ẹnì kan látinú ilé rẹ."

Chàm bojú wẹ̀yìn. Lau, ọmọ ẹ̀ kan ṣoṣo, ló ń to ewé àti èso tí wọ́n ń jẹ tí ẹnu fi ń pọ́n lẹ́yìn ẹ̀ yẹn. Ọmọ náà ti dàgbà, àmọ́ itan ẹ̀ ṣì ń dán, kò sí fínfín kankan níbẹ̀, torí àwọn Hán ti fòfin dè é. Fínfín ìpẹ́ ọ̀nì yẹn ló sì ń jẹ́ kí àwọn ará inú omi rò pé ọmọ àwọn ni èèyàn, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Tí wọ́n bá mú Lau lọ wá péálì nísàlẹ̀ òkun, ó dìgbà.

Chàm mọ ọjà ná. Ó lè ná ẹ títí wàá fi bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ kún un.

"Ọkọ mi ti wà lọ́wọ́ yín," ló wí. "Đinh. Oṣù mẹ́ta rèé tó ti ń wá péálì fún yín. Òun ni kẹ́ ẹ kà sí tiwa."

"Đinh ní fínfín. A ò lè mú un àfi kí ará ilé ẹ̀ yọ̀ǹda ẹ̀."

"Òfin fínfín tún dé! Òní èyí, ọ̀la tọ̀hún! Ó sú mi o. Mo yọ̀ǹda ẹ̀, ẹ máa mú un. Ẹ ṣáà fi ọmọ mi sílẹ̀."

Ó ká ewé kan, ó fún un, torí ọ̀rọ̀ tí wọn ò bá fi ewé dì, afẹ́fẹ́ lásán ni. Ọkùnrin náà ò jẹ ẹ́. Ó fi sínú apá ẹ̀wù ẹ̀.

"Ènì mi ńkọ́?"

"Ẹ padà wá gbà á tó bá yá, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ ń dínà ọjà mi."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Odò ló gbà lọ, kò gba ọ̀nà ilé ìjọba.

Nígbà tí ọjà ń tú ni akọ̀wé Hán dé, apá ẹ̀wù ẹ̀ gbẹ táútáú.

"Ẹ̀yin yìí!" Chàm figbe ta. "Ẹni yín ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbí ni. Mo ti fún un ní Đinh."

"Ẹni wa wo? Èmi nìkan ni wọ́n rán ságbègbè yìí, iyọ̀ ni mo sì wá wọ̀n. Đinh wo lo tún fún ẹnì kan? A ti tú àwọn tó ń wá péálì sílẹ̀ láti ìjẹta. Ọkọ rẹ á ti wà lójú omi, ó ń bọ̀ nílé."

Chàm wo ilẹ̀. Ibi tí ọkùnrin àárọ̀ dúró sí ṣì tutù rinrin. Ẹja kan tí ò ju ìka lọ ń ta pútúpútú níbẹ̀.

Kò di àtẹ ẹ̀ tó fi sáré lọ sétí odò. Oòrùn ń wọ̀. Ọkọ̀ Đinh ti gúnlẹ̀, Đinh fúnra ẹ̀ sì ń gòkè bọ̀, omi ń ro lára ẹ̀.

"Bàbá Lau! Ọpẹ́ o!"

Àfi bó ṣe wo itan ẹ̀. Ìpẹ́ ọ̀nì tí wọ́n fín síbẹ̀ nígbà ọmọdé ti pòórá. Ibẹ̀ ń dán bíi ti Lau.

Ọkùnrin náà la ọwọ́. Ewé tí Chàm ká láàárọ̀ ló wà níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, eyín ẹ̀ funfun bí inú àgbọn.

"Ìyá Lau," ló wí jẹ́jẹ́, "mo wá gba ènì."

Chàm yíjú padà. Lẹ́yìn ẹ̀, Lau ti ju agbọ̀n sílẹ̀, ó ń sáré bọ̀ wá kí bàbá ẹ̀.