Nígbà Tí Nùsírátù Fún Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Lọ́rùn

"Gbé fóònù yẹn wá," ni Àlàájà Sìlífátù wí, ó sì na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀ láì wo ojú rẹ̀.

Nùsírátù kò kọ́kọ́ gbé e sílẹ̀. Ó dúró ní àárín pálọ̀, ó di fóònù náà mọ́ àyà, ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Rasheed, tí ó na ẹsẹ̀ lórí àga bí adájọ́ tí ó ti dá ẹjọ́ tán. Ó bi ìyá rẹ̀ pé kí ni òun ṣe. Ìyá rẹ̀ dáhùn pé ó mọ ohun tí ó ṣe. Rasheed ti sọ fún un pé fíìmù ni ọmọbìnrin náà ń dáńlóòdù tọ̀sán-tòru, pé òun ni ó ń jẹ gbogbo nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ilé tán.

"Mọ́mì, mi ò dáńlóòdù nǹkan kan," ni Nùsírátù wí. "Ẹ yẹ inú rẹ̀ wò."

Àlàájà kò yẹ nǹkan kan wò. Ó gba fóònù náà, ó pa á, ó sì sọ ọ́ sínú báàgì tí ó máa ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ring Road, níbi tí ó ti ń ta aṣọ ọmọ ìkókó.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní àdúgbò Challenge ni wọ́n ń gbé. Àlàájà àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wà ní ìsàlẹ̀. Láwùmí, ayálégbé wọn, wà lókè. Bàbá ilé ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń wálé. Olùkọ́ ìṣirò ni Láwùmí, ṣùgbọ́n kì í lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kankan. Orí ẹ̀rọ ayélujára ni ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n wà ní Kánádà, òun náà sì máa ń dá sí owó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ilé kí wọ́n lè jọ máa lò ó.

Kò pẹ́ púpọ̀ ṣáájú ọjọ́ yìí ni iná dé lójijì pẹ̀lú agbára tí ó pọ̀ jù, ó sì jó ráútà wọn àtijọ́, ẹ̀rọ kékeré tí ó máa ń pín nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ká inú ilé. Rasheed, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ nípa kọ̀ǹpútà, ni ó lọ ra tuntun. Ó gbé e kọ́ ara ògiri, ó tò ó fúnra rẹ̀, ó sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti yí padà. Fídíò kékeré lásán á máa yí bírí lójú fóònù títí á fi sú ẹni tó fẹ́ wò ó. Wọ́n pe ilé-iṣẹ́ tí ó ń fún wọn ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ẹni tí ó gbé ìpè náà sì sọ pé ohun tí àwọn ń fi ránṣẹ́ sí ilé wọn pé, kí wọ́n wo ẹ̀rọ tí ó wà nínú ilé. Rasheed ní irọ́ ni wọ́n ń pa, bí wọ́n ṣe máa ń sọ fún gbogbo ènìyàn nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó kọjú sí àbúrò rẹ̀.

Láwùmí wà lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ nígbà tí wọ́n gba fóònù náà, nítorí ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni òun náà bá sọ̀kalẹ̀.

"Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wo ráútà yẹn ná," ni ó wí. "Nígbà tí ti àtijọ́ wà níbẹ̀, ọmọ yìí wà nínú ilé yìí, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sì ń sáré."

Rasheed dìde. Ó bi í bóyá Láwùmí ni yóò kọ́ òun ní iṣẹ́ tí òun lọ kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Àlàájà ní kí Láwùmí má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé Rasheed mọ ohun tí ó ń ṣe. Láwùmí wo Nùsírátù, ó mi orí, ó sì padà sókè.

Nùsírátù rò pé ojú yóò tì wọ́n láìpẹ́. Fóònù òun wà nínú báàgì ní Ring Road, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò sì yá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó dúró kí ẹnì kan sọ pé àwọn ṣì í mú. Kò sí ẹni tí ó sọ ọ́. Rasheed kàn yí ẹ̀sùn náà padà ni. Ó ní Nùsírátù ti fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní pásíwọ́ọ̀dù, àwọn ni wọ́n ń fara ti ògiri ọgbà láti ìta tí wọ́n ń fà á lò. Àlàájà gba èyí náà gbọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Nùsírátù ń fọ abọ́, ó sì gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń sọ fún àbúrò tirẹ̀ kan lórí fóònù pé ọmọ òun ti di olè dátà.

Ó gbé abọ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìdánwò JAMB ti súnmọ́lé, fídíò tí ó fi ń ka ìwé kò ṣeé wò mọ́, fóònù kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì tún ń pè é ní olè nínú ilé bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà kò bá Rasheed sọ̀rọ̀ mọ́. Tí ó bá kí ìyá rẹ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ ni ó ń wò.

Ní ọ̀sán Sátidé, nígbà tí ilé dá, ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká tí gbogbo wọn jọ ń lò. Ó yọ okùn nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí ó ti orí òrùlé wá kúrò lára ráútà, ó sì kì í bọ kọ̀ǹpútà náà tààrà. Fídíò tí kò ṣí láti ọjọ́ yìí ṣí lójú ẹsẹ̀, kò yí rárá. Ó dá okùn padà sára ráútà, ó tún gbìyànjú, ó bẹ̀rẹ̀ sí yí bírí. Nígbà náà ni ó mọ̀ pé òótọ́ ni àwọn oníṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sọ.

Ó yọ ráútà lára ògiri, ó dojú rẹ̀ dé. Pásíwọ́ọ̀dù tí àwọn tí ó ṣe é kọ sí ìdí rẹ̀ ni Rasheed ṣì ń lò, kò yí i padà. Nùsírátù fi í wọ inú ráútà láti orí kọ̀ǹpútà, ó ń ṣí ojú ewé kan tẹ̀lé òmíràn, títí ó fi dé ibi tí wọ́n ti máa ń sọ fún ráútà bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí ó ń wọlé ṣe pọ̀ tó, kí ó lè mọ bí yóò ṣe pín in. Ogún ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, nítorí ogún ni wọ́n ń sanwó fún. Eéjì ni Rasheed kọ. Ó gbàgbé òdo tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé e. Ohun tí wọ́n ní kí ráútà ṣe ni ó ń ṣe.

Òdo kan ṣoṣo. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe pè é ní olè.

Ìka rẹ̀ ti wà lórí òdo náà. Ó lè tẹ̀ ẹ́, kí gbogbo rẹ̀ parí. Ó sì lè fi í sílẹ̀ bí ó ṣe wà, kí ó pe ìyá rẹ̀ àti Láwùmí wá, kí ó ní kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń ro bí Rasheed ṣe na ẹsẹ̀ lórí àga, ó rántí pé ní ọjọ́ Ajé, ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá Rasheed lẹ́nu wò fún iṣẹ́, lórí fídíò nínú fóònù rẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ ni ó ti fi ń pariwo rẹ̀ káàkiri ilé. Kí òun náà tọ́ ọ wò, ni Nùsírátù sọ nínú ara rẹ̀.

Ó pa eéjì rẹ́, ó kọ oókan. Ó ya kọ̀ǹpútà tí ó wà níwájú rẹ̀ sọ́tọ̀ kí ìdíwọ́ náà má bàa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó yí pásíwọ́ọ̀dù ìdí ráútà náà padà kí Rasheed má lè wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ráútà padà sára ògiri. Inú rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yìí, ọkàn rẹ̀ fúyẹ́.

Nígbà tí ó di ọjọ́ Ajé, Rasheed wọ kóòtù, ó so táì, ó sì mú ọ̀nà ìta pọ̀n. Ó ní ọ̀dọ̀ Ìdrís ọ̀rẹ́ òun ní Agbowó ni òun ti máa ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà, pé òun kò lè fi iṣẹ́ òun ta tẹ́tẹ́ lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí ẹnì kan ń jí lò. Ó wo Nùsírátù bí ó ti ń sọ ọ́, ó sì jáde lọ. Ó yẹ kí Nùsírátù lọ tún ohun tí ó ṣe ṣe nígbà náà. Kò lọ. Ìbínú tí ó ń dúró de Rasheed kò rí ibi lọ, ó sì gbé e wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó ṣí fídíò ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tí ó yà sọ́tọ̀. Ó mọ́ kedere.

Ó ń wo fídíò náà lọ́wọ́ nígbà tí ó gbọ́ ohùn Láwùmí láti òkè. Ó ń béèrè bóyá wọ́n ń gbọ́ òun. Ó dákẹ́, ó tún béèrè. Ó ní kí wọ́n má bínú, kí wọ́n jẹ́ kí òun jáde kí òun tún wọlé. Nùsírátù dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Tí òun bá tún un ṣe báyìí, Rasheed yóò dé bá a tí ó ti dára, kò ní sí ìyà kankan fún un. Ó padà jókòó. Lókè, ohùn náà tún béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà ni ó dákẹ́.

Àlàájà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù dé ni Láwùmí sọ̀kalẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Àlàájà, wọ́n ti dá mi dúró," ni ó wí.

Ó ṣàlàyé pé òní ni àwọn tí wọ́n ni ilé ẹ̀kọ́ náà wá wo bí òun ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ. Àwòrán òun dì gbagidi lójú wọn, ohùn òun ń já, wọ́n sì kọ̀wé pé àwọn yóò wá ẹlòmíràn. Kò pariwo.

"Mo bẹ̀ yín pé kí ẹ wo ráútà yẹn. Ẹ ní ọmọ yín mọ̀ ọ́n. Oúnjẹ mi ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yẹn, mi ò fi ṣeré."

Ojú ti Àlàájà, ìtìjú náà sì di ìbínú lójú ẹsẹ̀. Ó pe Nùsírátù jáde, ó ní ṣé ó ti rí ohun tí olè rẹ̀ dá sílẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ sókè láti gbá a létí. Láwùmí bọ́ sí àárín wọn.

"Ẹ má nà án, Àlàájà. Ẹ ti fẹ̀sùn kan ọmọ yìí tó. Kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Nùsírátù wo ẹ̀yìn obìnrin tí ó dúró síwájú rẹ̀. Ìbá sàn fún un kí ìyá rẹ̀ gbá a létí náà.

"Mo mọ̀," ni ó wí.

Ó gbé kọ̀ǹpútà wá, ó ṣí i síwájú wọn, ó sì ń sọ ohun gbogbo: eéjì tí Rasheed kọ, oókan tí òun fi rọ́pò rẹ̀, àti ìdí tí òun fi ṣe é. Bí ó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni Rasheed wọlé. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó gbọ́ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, ó sì ní òun kọ ogún. Ó ní Nùsírátù ló wà nídìí gbogbo rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, ó ṣáà ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fọwọ́ kàn án.

Nùsírátù wo ibi tí eéjì náà wà tẹ́lẹ̀. Eéjì náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀rí tí ìbá dá a láre, òun ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́.

Àlàájà bi Rasheed pé ta ni ó wá fọwọ́ kàn án ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ gbé e kọ́, tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò fi sáré láti ọjọ́ náà. Rasheed tú táì rẹ̀, ó wọ yàrá, ó sì fi ilẹ̀kùn gbá. Kò jẹ́wọ́ ní ọjọ́ náà, kò sì jẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nùsírátù kọ ogún síbi tí ó yẹ. Kíá ni gbogbo fóònù ilé bẹ̀rẹ̀ sí dún bí àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ ṣe ń wọlé. Kò sí ẹni tí ó yọ̀.

Ó kúnlẹ̀ fún Láwùmí. Láwùmí ní kí ó dìde.

"Mo gbà pé Rasheed ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ti òní yìí, ìwọ lo ṣe é fún mi. O gbọ́ ohùn mi?"

"Mo gbọ́, mà."

"O sì jókòó?"

Nùsírátù gbà pé òun jókòó. Láwùmí gun àtẹ̀gùn lọ.

Àlàájà dá fóònù padà lálẹ́ ọjọ́ náà. Orí tábìlì ni ó gbé e sí, kò sì sọ pé òun ṣì í mú. Nùsírátù kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ ní Kánádà, ó ṣàlàyé pé ẹ̀bi olùkọ́ wọn kọ́, ṣùgbọ́n wọn kò fèsì. Láwùmí pe àwọn oníṣẹ́ wá, wọ́n ri òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tirẹ̀ mọ́ orí òrùlé, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí wá àwọn ọmọ tí yóò máa kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nùsírátù ń pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń kí i, Láwùmí ń dáhùn, ó ń kọjá lọ. Ní ọjọ́ kan ó dúró.

"Ṣé o ṣì ń bínú sí wọn?" ni ó bi í.

Nùsírátù ní òun ṣì ń bínú.

"Máa bínú. Wọ́n ṣẹ̀ ọ́ lóòótọ́. Èmi náà ṣì ń bínú sí ẹ. Ṣùgbọ́n mi ò ní torí ẹ̀ wá já okùn yín lórí òrùlé."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Nùsírátù kò lè gbàgbé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kà á, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn èké kàn ní ẹ̀tọ́ láti bínú, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ ní kí ó pa á mọ́ra. Ṣùgbọ́n òtítọ́ wà lọ́wọ́ Nùsírátù ní ọ̀sán Sátidé yẹn, ó sì fi í ra ẹ̀san. Ẹni tí ó bínú sí kò fara gbá nǹkan kan. Ẹni tí ó gbèjà rẹ̀ ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Nùsírátù alára kò sì ní ẹ̀rí kankan mọ́. Bí ẹ bá rí òtítọ́ tí yóò dá yín láre, ẹ sọ ọ́ ní gbangba, lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.