Iṣu Tí Chitou Rẹ́ Mọ́ Inú Àká

Bí a bá ti wa iṣu tán ní Manigri, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń wà lẹ́nu gbogbo wa: báwo la ó ṣe pa á mọ́ tí kò fi ní bàjẹ́ kó tó dọjà? Olúkúlùkù ló gbọ́n tirẹ̀. Lọ́dún tí à ń sọ yìí, nígbà tí ìjọba Faransé ṣì wà lórí wa, ọgbọ́n Chitou ló ta gbogbo wa yọ, ọgbọ́n ọ̀hún ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Ọjà Bassila ló ti gbọ́ ọ. Òkè, aládùúgbò rẹ̀ tó ti ṣiṣẹ́ rí nínú ọkọ̀ òkun tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí Faransé, ń sọ fún àwọn èèyàn pé inú yàrá tí wọ́n sé pa ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà máa ń wà, síbẹ̀ tútù ló ń dé ọ̀hún. Chitou kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti dìde, ó ti ń lọ sílé.

Gbogbo wa mọ̀ pé abà koríko la ń kó iṣu sí, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i. Àgbàdo ló ni àká alámọ̀. Ṣùgbọ́n Chitou kó iṣu sínú àká ńlá tí bàbá rẹ̀ mọ, ó dé e lókè, ó sì fi amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ẹnu rẹ̀ títí eèrà kò fi lè ráyè wọlé.

Alimatou, ìyàwó rẹ̀, bi í pé, "Bàbá Bintou, ṣé iṣu ò ní làágùn níbẹ̀?"

"Ṣé o ti wọ ọkọ̀ òkun rí ni?"

"Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Chitou ní kó lọ gbé omi wá fún òun.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ akẹ́rù kan dé láti Bassila, ó ń wá iṣu rà. Chitou fi àkàsọ̀ gun àká, ó ṣí ìdérí, ooru fẹ́ sí i lójú. Ó bọ́ sínú rẹ̀ kó lè máa na iṣu sókè fún Kassimou, àbúrò rẹ̀, tó dúró lórí àkàsọ̀.

Kassimou na ọwọ́ títí, kò rí iṣu gbà. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò gbọ́ ìdáhùn. Nígbà tó yọjú wo inú àká, Chitou ti ṣubú lé iṣu lórí, kò mira.

Kassimou figbe ta, ó sì ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú àká nígbà tí Òkè gbọ́ igbe náà, tó sáré gun àkàsọ̀, tó fà á láṣọ.

"Má wọ ibẹ̀. Bí o bá wọ̀ ọ́, òkú méjì la ó gbé jáde."

"Ẹ̀gbọ́n mi ló wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Kò sí afẹ́fẹ́ tó ṣeé mí níbẹ̀ ni. Ẹ fọ́ ògiri rẹ̀ nísàlẹ̀, kíákíá."

Kò sẹ́ni tó mira. Ní ìdílé Chitou, a kì í fi irin kan àká tí oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Kassimou ń wo àwọn àgbà ilé, àwọn àgbà ilé ń wo ilẹ̀. Alimatou ló gbé ọkọ́.

"Bí èèwọ̀ bá wà, kó wá bá mi," ló wí, ó sì dojú ọkọ́ kọ ògiri.

Amọ̀ já lulẹ̀, ihò fẹ̀, a di ẹsẹ̀ Chitou mú, a wọ́ ọ síta. Òkè ní ká má pé lé e lórí, ká jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Ọkàn wa kò sí nínú wa mọ́. Lẹ́yìn náà ni Chitou húkọ́, ó bì, ó la ojú.

"Ta ló fọ́ àká bàbá mi?"

"Èmi ni," Alimatou dáhùn, ó sì bú sẹ́kún. Ẹ̀rín ni àwa yòókù bú sí ní tiwa, nítorí ẹni tó ń béèrè àká kò tíì kú. Ara tù wá gan-an ni.

Nígbà tí Chitou lè jókòó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Òkè, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé wọ́n ń sé e pa?"

"O ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Iṣu ń mí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń mí, bíi tiwa náà ni. Bí o bá sé wọn pa, wọ́n á lo afẹ́fẹ́ rere tán, èyí tí wọ́n mí síta á wá kún ibẹ̀. Ó wúwo, ìsàlẹ̀ ló ń wà, ṣíṣí òkè nìkan kò lè lé e lọ. Nínú ọkọ̀ wa, ibẹ̀ tutù nini, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ díwọ̀n afẹ́fẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń dín in kù kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ má tètè pọ́n, wọ́n ń bù kún un kó má baà rà. Kò sẹ́ni tó ń wọlé láìjẹ́ pé atẹ́gùn kọ́kọ́ fẹ́ síbẹ̀. Ìwọ, ẹ̀rọ wo lo ní?"

"Ìgbẹ́ màlúù," Alimatou bá a dáhùn.

Iṣu ìsàlẹ̀ ti rà, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ṣì dára. Abà koríko la kó o lọ.

Ẹ̀yin ará Manigri, Bassila, Doguè àti Alédjo, ẹ jẹ́ kí iṣu yín máa rí atẹ́gùn. Ẹ má ṣe wọ inú àká tàbí kòtò tó ti wà ní dídé pa tipẹ́, àfi tí ẹ bá ṣí i lókè nísàlẹ̀, tí atẹ́gùn sì gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa. Bí èèyàn yín bá ṣubú síbẹ̀, ẹ má ṣe bẹ́ tẹ̀lé e. Ẹ fọ́ ògiri, ẹ má béèrè pé ta ló mọ ọ́n. Amọ̀ kò wọ́n nílẹ̀ wa, a ó rí àká mìíràn mọ. Chitou kan ṣoṣo ni Alimatou ní.